Ilẹ̀kùn Tí Kò Ní Àgò

Bọ́tìnì rọ́bà ló wà lára ẹ̀rọ náà. Ohun tí mo kọ́kọ́ kórìíra nípa rẹ̀ nìyẹn. Àwọn bọ́tìnì náà rọ̀, wọ́n sì tutù, bí ìgbà tí ènìyàn bá fọwọ́ kan etí ewúrẹ́ tó ti kú. Òróró àkàrà máa ń wà lórí wọn, èèpo ẹ̀pà a há sáàrin wọn, èmi ni mo sì ń fi aṣọ tútù nù wọ́n láràárọ̀. Bí mo bá nù wọ́n tán, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ń fi ọṣẹ fọwọ́ kí n tó fi kan oúnjẹ. Ó ti lé ní ọdún mẹ́ta báyìí, ẹ̀rọ náà kò sì sí nílé wa mọ́. Síbẹ̀, bí mo bá rántí rẹ̀, itọ́ a sáré kún mi lẹ́nu.

N kò kàwé púpọ̀. Ìwé mẹ́fà ni mo kà ní Ògbómọ̀ṣọ́ kí wọ́n tó ní kí n wá máa bá ìyá mi ta èlùbọ́. N kò sì lè sọ̀rọ̀ láàrin ènìyàn. Bí ènìyàn mẹ́ta bá wo ẹnu mi lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀rọ̀ tó ti dé ètè a tún padà sí ọ̀nà ọ̀fun. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ èyí sílẹ̀. N kò tíì sọ ọ́ tán fún ẹnikẹ́ni rí.

Ìgbà tí gbogbo ìlú ń sọ̀rọ̀ SAP, ètò ìjọba tó mú kí ọjà gbówó lórí, tí súgà di ohun tí à ń fi pamọ́ fún àlejò, ni wọ́n mú mi wá sílé ọkọ ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́. Tíṣà ni ọkọ mi. Ìkòyí-Ilé ni wọ́n gbé e lọ, nítorí náà ọjọ́ Jímọ̀ ló máa ń dé, a sì tún lọ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú. Láwọn ọjọ́ yòókù, èmi, ìyá ọkọ mi àti àbúrò ọkọ mi la jọ ń wà ní ìhà tiwa nínú agbo ilé náà. Baálé, ẹ̀gbọ́n bàbá ọkọ mi, ń gbé ní ìhà ẹnu ọ̀nà ńlá.

Gbogbo ẹni tí mo bá nílé náà ni ọkọ mi. N kò gbọdọ̀ pe orúkọ ẹnikẹ́ni nínú wọn, títí kan ọmọ tí wọ́n bí ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ìgbéyàwó mi. Mo fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní orúkọ tèmi, gẹ́gẹ́ bí gbogbo ìyàwó ti ń ṣe. Àbúrò ọkọ mi ni mo sọ ní Akọ̀wé, torí pé ó ti jáde Poli, bírò kì í sì í kúrò lápò rẹ̀; àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ náà gbà á pè. Ọdún méjì péré ló fi jù mí lọ. Orí ìkúnlẹ̀ ni mo ti ń kí i.

Nígbà tí mo ń bọ̀, ìyá mi ra àpótí onírin kan fún mi. Ó fi àgádágodo kékeré sí i, ó so kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ mọ́ okùn, ó sì fi okùn náà yí mi nídìí. Ó ní, “Ilé tí ò ń lọ yìí, gbogbo wọn ló ni ọ́. Wọ́n á rán ọ níṣẹ́, wọ́n á jẹ nínú oúnjẹ rẹ, wọ́n á jí ọ lójú oorun. Kò sí aburú ńbẹ̀. Ṣùgbọ́n àpótí yìí, ìwọ nìkan ni.” Mo di ọ̀rọ̀ náà mú. Ọkọ mi pàápàá kò béèrè ohun tó wà nínú àpótí náà rí.

Ọ̀rẹ́ Akọ̀wé kan tó ti Lọ́ńdọ̀nù dé ló fún un ní ẹ̀rọ náà. Kọ̀ǹpútà ni wọ́n pè é, ṣùgbọ́n kò tóbi ju wàláà ọmọ ilé kéwú lọ. Tẹlifíṣọ̀n ọkọ mi ni wọ́n so ó mọ́ ní pálọ̀, wọ́n tún wá so rédíò oníkásẹ́ẹ̀tì mọ́ ọn lẹ́gbẹ̀ẹ́. Inú kásẹ́ẹ̀tì ni eré máa ń wà. Bí kásẹ́ẹ̀tì náà bá ti ń yí, ariwo a máa ti inú rẹ̀ jáde bí ẹni ń fi ìṣó họ ìdí ìkòkò irin. Ariwo náà lè tó ìgbà tí omi fi ń hó. Eyín a máa kan mí.

Eré náà kò ní àwòrán kankan. Ọ̀rọ̀ nìkan ni. Ẹ̀rọ a kọ ibi tí o wà sójú tẹlifíṣọ̀n: o wà nínú igbó, o wà nínú ilé kan, fìtílà kan wà nílẹ̀. Ìwọ náà a tẹ ohun tí o fẹ́ ṣe, ẹ̀rọ a sì dá ọ lóhùn. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ló ń sọ. Akọ̀wé àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì ló máa ń jókòó sídìí rẹ̀ láti òwúrọ̀. Ọ̀kan jẹ́ ayafọ́tò lẹ́bàá Ọjà Akẹ̀sán, èkejì ń wá iṣẹ́ bíi tirẹ̀. Wọn a jẹ ẹ̀pà, wọn a tutọ́ èèpo rẹ̀ sínú abọ́ tí mo fi gbé ẹ̀kọ fún wọn, wọn a fi abọ́ náà sílẹ̀ títí tí ẹ̀kọ tó kù nídìí rẹ̀ a fi kan. Òórùn pálọ̀ náà, àfi bí inú bàtà òjò.

Ìyá ọkọ mi máa ń jókòó sẹ́nu ilẹ̀kùn, a máa la irun fún àwọn obìnrin ilé. Irin kẹ̀kẹ́ tí wọ́n pọ́n lẹ́nu ló fi ń la á. Lọ́jọ́ kan ó bi wọ́n pé, “Ilé ta lẹ wà yẹn?”

“A ò mọ̀, Màámi,” ni Akọ̀wé dáhùn. “Ilé kan ṣá ni.”

“Ẹ ti kí wọn?”

“Kò sẹ́ni tí à á kí. Ẹ jẹ́ ká mú fìtílà yìí ná.”

“Ẹ mú fìtílà onífìtílà.”

“Eré ni, Màámi.”

“Olè náà, eré ló máa ń pè é,” ni ìyá ọkọ mi wí, ó sì yí orí ẹni tó ń dì nírun sí ẹ̀gbẹ́ kejì.

Mo ń gbọ́ wọn, mo ń gbálẹ̀. Ọjọ́ mìíràn wọ́n bá bàbá arúgbó kan nídìí iná nínú eré náà. Wọn ò béèrè ẹni tó jẹ́. Ayafọ́tò ní kí wọ́n pa á ká wò ó, wọ́n tẹ̀ ẹ́, ẹ̀rọ náà sì ní bàbá ti kú. Wọ́n gbé àpò rẹ̀. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Mo ronú lọ́jọ́ yẹn pé ẹni tó kọ irú nǹkan báyìí, ó ní láti jẹ́ pé kò sẹ́ni tó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń wọlé onílé.

Iṣẹ́ kò sí nígbà náà. Akọ̀wé ti ń wá a fún ọdún kan gbáko. Ọkùnrin kan ní Ìbàdàn tó ń ta kọ̀ǹpútà wá sọ fún un pé bí ó bá lè fúnra rẹ̀ kọ irú eré bẹ́ẹ̀, kí ó gbé e wá, òun á gbà á síṣẹ́. Bí ó ṣe di pé ó ń kọ eré tirẹ̀ nìyẹn. Ó ní agbo ilé wa gan-an ni òun yóò kọ, ní èdè Yorùbá, ẹnikẹ́ni kò tíì ṣe irú rẹ̀ rí. Ẹ̀rọ náà kò ní àmì tí à ń fi sórí ọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n èmi yóò fi í síbí kí ó lè rọrùn láti kà.

Inú ilé dùn sí i. Ó ń ka ilẹ̀kùn kiri, ó ń béèrè lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ ibi tí wọ́n ń gbé amù sí nígbà èwe rẹ̀. Nígbà tó kọ ọ́ dé ìdajì, ó pè mí.

“Ìyàwó, wá jókòó síbí. Ẹni tí kò mọ nǹkan kan ló dáa láti fi dán an wò. Bí ìwọ bá lè ṣe é, kò sẹ́ni tí kò ní í lè ṣe é.”

Mo jókòó. Ìka kan ni mo fi ń tẹ̀ ẹ́, mo sì ń wá lẹ́tà kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ṣa òkúta nínú ìrẹsì. Ẹ̀rọ ní mo wà lẹ́nu ọ̀nà Baálé. Mo tẹ̀ ẹ́ pé: wọlé. Ó dáhùn pé: “Ta nìyẹn? Kò sí àgò?” Mo tẹ àgò. Ó ní: “Àgò yà.” Ilẹ̀kùn ṣí.

N kò ní í purọ́, mo rẹ́rìn-ín. Mo jáde, mo tún un ṣe. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹnu ọ̀nà ìyá ọkọ mi rí. Àní ẹnu balùwẹ̀ ní àgò: bí o bá ní o fẹ́ wọlé láìsọ ọ́, ẹ̀rọ á ní ẹnìkan ń wẹ̀. Ohun tó tún dùn mọ́ mi ni pé bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yẹn, kò sí ẹni tó ń wo ẹnu mi. Ọwọ́ mi ló ń sọ ọ́. Mo rò lọ́jọ́ náà pé bóyá n kò mọ ẹ̀rọ yìí dáadáa ni mo fi kórìíra rẹ̀. Akọ̀wé kò jẹ́ kí n dé ẹnu ọ̀nà tèmi nínú eré náà. Ó ní òun kò tíì kọ ibẹ̀.

Láàrin ọ̀sẹ̀ yẹn ni ìyá ọkọ mi ń bi gbogbo ilé pé ta ló fọwọ́ kan irin kẹ̀kẹ́ òun. Ẹnu irin náà ti ká kò. Ó wò mí nígbà tó ń béèrè, nítorí èmi ni mo ń gbálẹ̀ yàrá rẹ̀. Mo ní n kò mọ̀. Èmi náà rí i pé ojú àgádágodo mi ti họ, ṣùgbọ́n mo rò pé kọ́kọ́rọ́ mi ló ń họ ọ́.

Ọ̀sán Ọjọ́rú kan ni Akọ̀wé ní eré òun ti parí. Ó pe àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjèèjì, ó pe ìyá rẹ̀, ó ní kí èmi náà wá wò ó. Mo dúró sí ẹ̀yìn àga. Ayafọ́tò ló ń tẹ bọ́tìnì, ó sì ń ka ohun tó bá jáde sókè kí ìyá ọkọ mi lè gbọ́.

“O wà lẹ́nu ọ̀nà ńlá. Àgbàlagbà kan jókòó sórí ẹní, ó ń fa tẹ̀súbáà.” Ó tẹ̀ ẹ́ pé kí òun kí bàbá. “Bàbá ní: o kú ọ̀sán, ọmọ mi. Ìdọ̀bálẹ̀ rẹ kò délẹ̀.” Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, nítorí bí Baálé ti máa ń sọ ọ́ gan-an nìyẹn.

“O wà nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ilẹ̀kùn mẹ́ta ló wà: ti Màámi, ti Akọ̀wé, ti Ìyàwó.”

Ó kọ́kọ́ lọ sọ́dọ̀ ìyá ọkọ mi. Ẹ̀rọ béèrè àgò, ó tẹ àgò, ó wọlé, ó rí amù àti irin kẹ̀kẹ́. Ó jáde. Ó tẹ̀ ẹ́ pé kí òun lọ sọ́dọ̀ ìyàwó.

“O ti wọlé,” ni ó kà. “Ibùsùn kan. Bàtà ọkùnrin méjì wà lábẹ́ ibùsùn. Àpótí onírin kan wà níbí. Ó tì.”

Lóòótọ́ ni bàtà ọkọ mi méjì wà lábẹ́ ibùsùn. Láti ẹnu ilẹ̀kùn, ènìyàn kò lè rí wọn, àfi bí ó bá wọlé, tó sì bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ibùsùn.

Ayafọ́tò tẹ ṣí àpótí. “Kọ́kọ́rọ́ wà ní ìdí ìyàwó. Wá ọ̀nà mìíràn.”

“Ìdí ìyàwó kẹ̀,” ni ọ̀rẹ́ kejì wí. “Akọ̀wé, o dé ibẹ̀?”

“Màámi wà níbí o,” ni Akọ̀wé wí, ó ń rẹ́rìn-ín.

Ayafọ́tò ronú díẹ̀, ó padà lọ mú irin kẹ̀kẹ́ ní yàrá ìyá ọkọ mi, ó fi í ṣí àgádágodo. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà. “Nínú àpótí: àdìrẹ méjì. Ìwé ẹ̀rí ìwé mẹ́fà. Fìlà ọmọ ọwọ́ kan, ẹnikẹ́ni kò tíì dé e. Àkísà oṣù, mẹ́rin.”

Mo gbọ́ ọ, ojú mi sì tún kà á fúnra rẹ̀. N kò tíì pé ọdún kan nílé ọkọ nígbà náà. Èmi ni mo fi òwú funfun hun fìlà náà ní Ògbómọ̀ṣọ́, kí n tó mọ ọkọ mi dáadáa pàápàá, mo sì ń tijú rẹ̀ débi pé bí mo bá ṣí àpótí, aṣọ ni mo fi ń bò ó lójú ara mi. Ní ti àkísà, n kò ní àlàyé tí mo fẹ́ ṣe.

“Ìyàwó ti ń hun fìlà de ọmọ,” ni ọ̀rẹ́ kejì wí. “Ẹ̀yin ẹ wò ó. Tẹ ‘mú àkísà’, ká wò ó.”

Ayafọ́tò tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀rọ dáhùn kíá: “Fi sílẹ̀. Ó ń rùn.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ẹ̀pà fi há ọ̀kan lọ́fun. Ìyá ọkọ mi dìde, ó ní òun ń lọ wo ọbẹ̀ lórí iná, bẹ́ẹ̀ ni ọbẹ̀ kankan kò sí lórí iná. Èmi dúró. Ohun tó rí mi lára jù kì í ṣe ẹ̀rín wọn. Mo ti jókòó sídìí ẹ̀rọ yẹn rí, mo mọ bó ṣe ń ṣe. Kò mọ ohunkóhun àfi ohun tí wọ́n bá kọ́ ọ. Akọ̀wé ti jókòó lọ́jọ́ kan, ó ti rò ó pé ẹnìkan yóò fẹ́ fọwọ́ kan àkísà mi, ó sì fi ìka òróró rẹ̀ wá lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, ó kọ ìdáhùn sílẹ̀ de ẹni náà.

Mo lọ sẹ́yìn ilé ìdáná, mo bì. Lẹ́yìn náà mo kó gbogbo ohun tó wà nínú àpótí jáde, mo fọ̀ wọ́n, títí kan èyí tó mọ́. Àwọn àkísà, mo sun wọ́n.

Ní ìrọ̀lẹ́, Akọ̀wé wá dúró lẹ́nu ilé ìdáná. “Ìyàwó, má bínú sí mi. Orí ni mo fi rò ó. Àpótí obìnrin wo ni kò ní irú ẹ̀?”

Mo ń fẹ́ná. Nínú mi lọ́hùn-ún mo ń sọ pé ẹni tó fi orí ro àkísà kì í kà á pé mẹ́rin.

“Bó bá dùn ọ́ tó bẹ́ẹ̀, màá pa á rẹ́ lọ́la,” ni ó wí.

Ìyá ọkọ mi wá jókòó tì mí lẹ́yìn tó lọ. “Ọmọ mi kò lè ṣí àpótí obìnrin,” ni ó wí. “Ọkọ rẹ ni òun náà. Jẹ́ kó lọ.” Ó sọ ọ́ pẹ̀lẹ́, kò sì wo ojú mi.

Mo wá rí i pé bí Akọ̀wé bá pa á rẹ́, ẹnu rẹ̀ àti ẹnu mi ló kù, èmi kò sì ní ẹnu. Gbogbo ilé ni yóò gbà pé orí ni wọ́n fi rò ó, àti pé ẹnikẹ́ni tó bá wù ló lè wọ yàrá mi, títí ọjọ́ tí màá kú síbẹ̀. Kásẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo ni eré náà wà nínú rẹ̀. Iná sì ti lọ láti bí i wákàtí kan, bí iná bá sì ti lọ, ohun tó wà nínú ẹ̀rọ a parẹ́. Mo lọ sí pálọ̀ láti kó abọ́ wọn. Kásẹ́ẹ̀tì náà wà lórí tẹlifíṣọ̀n. Nínú eré wọn, ohun tí ènìyàn bá rí ló ń mú. Èmi náà mú un.

Ọjọ́ méjì ni Akọ̀wé fi wá a. Ó tú pálọ̀, ó tú yàrá rẹ̀. Ó lọ bá ayafọ́tò jà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó ní ó fẹ́ gbé e lọ Ìbàdàn ṣáájú òun. Kò bi mí. Kò wá sí i lọ́kàn pé èmi lè mú nǹkan.

Nígbà tí ọkọ mi dé lọ́jọ́ Jímọ̀, mo gbìyànjú láti sọ ọ́ fún un, n kò lè sọ ọ́. Mo mú bébà, mo kọ gbogbo rẹ̀ sí i. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, bí ẹni ń máàkì iṣẹ́ ọmọléèwé. Ó bi mí pé, “Ó ka àkísà?” Mo fi orí dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni. Mo fi kásẹ́ẹ̀tì lé e lọ́wọ́. Ó dé fìlà rẹ̀, ó lọ bá Baálé.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì wọ́n gbé tẹlifíṣọ̀n àti ẹ̀rọ lọ sí pálọ̀ Baálé. Baálé jókòó sórí ẹní, ìyá ọkọ mi wà lórí àpótí ìjókòó, irun tó ń dì lọ́wọ́ ló fi sílẹ̀ wá, irin kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ṣì wà nínú irun orí rẹ̀. Nígbà tí Akọ̀wé rí kásẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó yíjú sí mi.

“Ìyàwó, ìwọ lo mú un? O ò sọ fún mi?”

“Mo gbọ́ pé bí wọ́n ṣe ń ṣe é nínú eré náà nìyẹn,” ni Baálé wí.

Kásẹ́ẹ̀tì bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Baálé fara balẹ̀ gbọ́ ariwo náà, ó ní, “Ẹran wo ni wọ́n ń pa?” Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Nígbà tí ariwo náà dákẹ́, Baálé ní kí n sọ tẹnu mi. Gbogbo wọn wò mí. Ọ̀rọ̀ padà sí ọ̀nà ọ̀fun bó ṣe máa ń ṣe. Mo bá jókòó sídìí ẹ̀rọ, mo gbé ìka mi lé bọ́tìnì rọ́bà yẹn. Ọkọ mi dúró lẹ́yìn mi, ó ń kà á fún Baálé, torí Baálé kò mọ ìwé Yorùbá kà, ti Lárúbáwá ló mọ̀.

Mo lọ sẹ́nu ọ̀nà Baálé. Wọlé. “Ta nìyẹn? Kò sí àgò?” Àgò. “Àgò yà.”

Inú Baálé dùn. “Ó mọ̀ mí,” ni ó wí.

Mo lọ sẹ́nu ọ̀nà ìyá ọkọ mi. Ẹ̀rọ béèrè àgò. Mo lọ sẹ́nu balùwẹ̀. Ẹ̀rọ béèrè àgò. Mo lọ sẹ́nu ọ̀nà tèmi. Wọlé. “O ti wọlé.”

Mo jáde. Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà náà, mo tẹ àgò. Ẹ̀rọ dáhùn, ọkọ mi sì kà á: “N kò mọ ohun tí ò ń wí.”

“Kà á lẹ́ẹ̀kejì,” ni Baálé wí.

Ọkọ mi kà á lẹ́ẹ̀kejì.

Tẹ̀súbáà ọwọ́ Baálé dúró. “Akọ̀wé,” ni ó wí, orúkọ tí mo fún un ló fi pè é. “Ta ló kọ́ ọ pé ẹnu ọ̀nà mi ní àgò?”

“Ẹ̀yin ni, Bàbá.”

“Balùwẹ̀ ńkọ́?”

“Gbogbo ilé ló mọ̀ ọ́n.”

“O wá fi àgò sí balùwẹ̀. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ, o ò fi sí tirẹ̀. Ta ló kọ́ ọ ní ìyẹn?”

“Mo gbàgbé ni, Bàbá. Orí ni mo fi rò ó, n kò wọ yàrá ẹnikẹ́ni.”

Mo tún wọlé, mo tẹ ṣí àpótí, n kò sì dúró kí ó sọ ti kọ́kọ́rọ́. Mo lọ mú irin kẹ̀kẹ́ ní yàrá ìyá ọkọ mi, mo padà wá lò ó. “Àgádágodo ti ṣí,” ni ọkọ mi kà. Ọwọ́ mi dúró síbẹ̀. N kò ní í tẹ èyí tó kù.

Ìyá ọkọ mi fa irin kẹ̀kẹ́ yọ nínú irun rẹ̀. Ó wo ẹnu rẹ̀ tó ti ká kò. Ó pẹ́ tó fi wò ó. Lẹ́yìn náà ó gbé e sílẹ̀ síwájú ọmọ rẹ̀, lórí ẹní Baálé.

“Èmi ni mo ń bi ọmọ ọlọ́mọ pé ta ló bà á jẹ́,” ni ó wí.

Akọ̀wé dọ̀bálẹ̀. Baálé kò pariwo. Ó ní fún ọjọ́ méje, láràárọ̀, kí Akọ̀wé máa wá dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn mi kó ní àgò. Bí mo bá dáhùn, kó tọrọ àforíjì. Bí n kò bá dáhùn, kó yí padà. Akọ̀wé béèrè láti orí ìdọ̀bálẹ̀ pé báwo ni ti kásẹ́ẹ̀tì, torí ọkùnrin Ìbàdàn ń retí òun.

“Ẹni tí ó ni yàrá ni yóò sọ,” ni Baálé wí.

Wọ́n tún wò mí. Mo yíjú sí ẹ̀rọ, mo tẹ̀ ẹ́: pa yàrá mi rẹ́. Ẹ̀rọ dáhùn pé òun kò mọ ohun tí mò ń wí. Ọkọ mi kò ka ìyẹn. Tèmi nìkan ló kà.

Akọ̀wé wá láràárọ̀. Mo máa ń gbọ́ ọ tí ó ń rún pákò, tí ó ń tutọ́, kó tó wá ní, “Àgò o.” Èmi a jókòó sórí ibùsùn, n kò ní í dáhùn. N kò fi ṣe àgídí. Bí mo bá ti gbọ́ itọ́ yẹn, èébì a gbé mi. Akọ̀wé a dúró díẹ̀, a yí padà.

Lọ́jọ́ keje kò yí padà. Ó ní láti ìta, “Ìyàwó, mi ò pa á rẹ́ o. Mo ṣe ohun tó dára ju ìyẹn lọ. Mo ti fi àgò sí i. Bí wọ́n bá ti tẹ̀ ẹ́, ó ń ṣí.”

Ó ń retí kí n yọ̀. Èmi ń ronú nípa gbogbo ọkùnrin tí n kò mọ̀ ní Ìbàdàn, tí wọ́n á tẹ àgò, tí ilẹ̀kùn mi á sì ṣí fún wọn láìsí ẹni tó bi mí. Bó ṣe mọ àgò sí nìyẹn. Kọ́kọ́rọ́ ló rò pé ó jẹ́. Kò mọ̀ pé ẹni tó wà nínú yàrá ló ni ìdáhùn, àti pé ó lè má fẹ́.

Mo lọ sẹ́yìn ilẹ̀kùn. N kò ṣí i. “Akọ̀wé,” ni mo wí, “mo ní kí ẹ pa á rẹ́.”

Ohùn mi ya èmi gan-an lẹ́nu. Akọ̀wé ní, “Ó dáa.” Mo gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ń lọ.

Ọkọ mi wo eré náà kí Akọ̀wé tó gbé e lọ Ìbàdàn, ó sì sọ fún mi bó ṣe rí. Wọ́n gbà á síṣẹ́, ó kó ẹ̀rọ rẹ̀ lọ. Ìyá ọkọ mi ra àgádágodo tuntun fún mi, kò sì sọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Nígbà tí mo bímọ, fìlà mìíràn ni mo hun fún un. Ti àkọ́kọ́ yẹn, mo fọ̀ ọ́ títí, n kò lè gbé e lé orí ọmọ mi.

Ọkọ mi ní bí ènìyàn bá dé ọ̀dẹ̀dẹ̀ nínú eré náà báyìí, ẹ̀rọ á kọ ọ́ pé ilẹ̀kùn méjì ló wà.